Ìmúra Òbí tí Yóò Gbé Ọmọdé Kọjá Òkun

  A mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ náà yóò ya àwọn mìíràn lẹ́nu, wọn yóò sì máa wí nínú ọkàn wọn pé, “Kí ni ó pa ará orí òkè pọ̀ mọ́ òkun?” Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn kí a tó lọ síwájú.

Àwọn bàbá ńlá wa gbé orí Òkè Ìdànrè fún ọ̀pọ̀ ìran, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí a wà yìí. Àtẹ̀gùn tí ó gòkè lọ sí ìlú àtijọ́ náà ju 600 lọ, kò sì sí ìyá kan tí ó gùn ún pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn tí kò mọ̀ pé ìrìn ẹni tí ó pọn ọmọ yàtọ̀ sí ìrìn ẹni tí ó ń dá lọ. Ó ní láti fa ọ̀já rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ó ní láti rántí omi. Ó ní láti mọ ibi tí òun yóò ti sinmi kí oòrùn tó mú. Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ òkun kò ju èyí lọ. Bákan náà, ilẹ̀ wa jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ilẹ̀ tí kókó ti ń jáde ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Lọ́dọọdún ni èso tí ọwọ́ wa ká ń wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí, ọ̀nà tí kókó sì gbà lọ ni àwọn ọmọ wa ń tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítòsí wa gan-an, nínú Ìpínlẹ̀ kan náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kí àna rẹ̀ ní Ayétòrò yóò fi mọ́tò sílẹ̀ ní Igbókòdá, yóò sì wọ ọkọ̀ omi pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sí ilé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Lórí omi, kò sí ọjà, kò sí aládùúgbò, kò sì sí ẹ̀yìn tí a lè tètè padà sí. Ohun tí kò bá sí nínú ọkọ̀ nígbà tí a tú okùn ní èbúté, kò sí níbi kankan. Àgbàlagbà lè fara da àìní yìí fún ìgbà díẹ̀. Ọmọdé kò lè fara dà á, kò sì lè múra fún ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ọmọ wọ ọkọ̀ ti gba ẹ̀mí méjì sí ọwọ́, ó sì gbọ́dọ̀ múra fún ọjọ́ tí ó kà àti fún ọjọ́ tí kò kà pẹ̀lú.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ẹnìkan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni Samuel Ajayi Crowther. Ó la òkun kan náà kọjá nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó sì tún là á kọjá nígbà tí ó ti di bàbá, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàrin ìrìnàjò méjèèjì ni ó jẹ́ gbòǹgbò ẹ̀kọ́ wa.

Ní 1821, nígbà tí Àjàyí ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin, ogun kó Ọ̀ṣoògùn, ìlú rẹ̀. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà ni Esperanza Felix, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìrètí aláyọ̀. Ẹ wo bí orúkọ ti lè jìnnà sí ìwà tó! Ní oṣù April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú náà, nígbà tí ó sì di oṣù June, a gbé ọmọ náà gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Asano, ẹni tí ó di ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn náà tí a sì ń pè ní Susan, pẹ̀lú wà nínú àwọn ọmọ tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú tí a sì kó wá sí ilẹ̀ Sàró. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí. Ọmọ méjì wọ òkun, kò sì sí bàbá tí ó wá ọkọ̀ wò, kò sí ìyá tí ó di ẹrù, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n. Ẹni tí ó kó wọn wọ ọkọ̀ ka iye owó tí wọn yóò mú wá; kò ka ọjọ́ ayé wọn.

Ìrìnàjò kejì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù December 1844, àwọn ọmọ méjì wọ̀nyẹn, tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá, gbéra ní Freetown pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwọn, wọ́n ń padà bọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Henry Townsend àti Charles Gollmer wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú àwọn ìyàwó wọn, àwọn olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ sì tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ 17 oṣù January 1845 ni wọ́n tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni wọ́n fi wà lójú omi. Òkun náà kò yí padà, ìgbì náà kò rọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yìí, ọmọ ní òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òbí náà sì ti ronú ṣáájú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìrìnàjò ẹrú àti ìrìnàjò ọmọ nìyí: ẹnìkan tí ó fẹ́ràn ọmọ náà ti múra sílẹ̀ dè é.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ṣe ìṣirò. Bí ẹnìkan bá ń lo omi lítà 3 ní òòjọ́ fún mímu àti fún oúnjẹ sísè, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì yóò lo lítà 12. Ní ọjọ́ 30, ó di lítà 360. Ọlọ́gbọ́n kì yóò dúró níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ ìgbòkun kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, òun náà yóò dákẹ́. Yóò fi ìdajì kún un fún ọjọ́ tí kò kà, ó di lítà 540. Bí a bá pọn èyí sínú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí a fi ń ra òróró, ó tó kẹ́ẹ̀gì 22. A kò sì gbọdọ̀ rọ gbogbo rẹ̀ sínú àgbá kan ṣoṣo, kí àgbá náà má bàa jò tàbí kí omi inú rẹ̀ bàjẹ́, kí gbogbo ilé sì bá a ṣègbé. Omi òkun kò ṣeé mu. Iyọ̀ inú rẹ̀ a máa fa omi ara jáde ju èyí tí a mu wọlé lọ, ọmọdé ni ó sì ń kọ́kọ́ pa.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ọlọ́run tí ó mú wa lọ yóò pèsè.” A kò bá a jiyàn. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tí a kò pọn omi sí kì yóò kún nítorí pé a gbàdúrà lé e lórí.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà nínú ìrìnàjò kejì yìí, òun ni pé ìmúra kò parí sí etí òkun. Nígbà tí àwọn ará wọ̀nyí dé Àgbádárìgì, wọ́n rò pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dé Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ rárá tí ìyàwó Gollmer fi kú. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ẹni tí ń retí wọn, kú ní oṣù January 1845 yẹn gan-an, ogun sì dí ọ̀nà. Oṣù August 1846 ni Crowther tó fi ẹsẹ̀ tẹ Abẹ́òkúta. Ó ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ tí wọ́n fi dúró ní Àgbádárìgì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ní oṣù August náà ni ó rí ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25 tí a ti yà wọ́n. Ayọ̀ ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé ohun tí ó fi dúró dè é. Òbí tí ó bá ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ọkọ̀, tí kò fi nǹkan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ní èbúté tí yóò dé, kò tíì parí ìmúra rẹ̀.

Kì í ṣe ìdílé Crowther nìkan ni ó la òkun báyìí. Ní 1839, àwọn ènìyàn wa tí a dá sílẹ̀ ní Freetown ti dá owó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ kan tí a ti fi kó ẹrú rí, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Queen Victoria, wọ́n sì fi í wá sí etí òkun wa. Àwọn Àgùdà pẹ̀lú ń ti Bahia ní ilẹ̀ Bràsílì wá sí Èkó. Nínú ìrìnàjò ìkẹyìn wọn ni ti ọkọ̀ ìgbòkun tí ń jẹ́ Aliança, tí ó gbéra ní 1899. Ọmọdébìnrin kan wà nínú rẹ̀, Romana da Conceição, ẹni tí ó gbé Èkó títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, tí ó sì ròyìn ìrìnàjò náà fún òǹkọ̀wé ará Bràsílì, Antonio Olinto, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn náà, afẹ́fẹ́ dákẹ́ lójú òkun, ìrìnàjò náà gùn ju bí wọ́n ti rò lọ lọ́nà púpọ̀, àwọn kan sì kú kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n dé Èkó tán, a kò jẹ́ kí wọ́n tètè sọ̀ kalẹ̀ nítorí àrùn. Ẹ rí i bí ọjọ́ tí a kò kà ti pọ̀ tó nínú ìrìnàjò kan ṣoṣo: ọjọ́ tí kò sí afẹ́fẹ́, ọjọ́ àìsàn, àti ọjọ́ ìdúró ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà àwọn ọkọ̀ ńlá alẹ́ńjìnnì dé. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ọkọ̀ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, tí ó ń ná Èkó àti Liverpool ní nǹkan bí ọjọ́ 13. Dókítà wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà, ìyá kò sì ní láti ka kẹ́ẹ̀gì omi. Ní 1974 ni ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú ní í gbé ènìyàn lọ láàrin ọjọ́ kan. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti mú kí a gbàgbé ọgbọ́n àtijọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ kékeré lónìí, ìbáà ṣe ọkọ̀ ìgbòkun tí ìdílé kan fi ń la òkun Àtìláńtíìkì, ìbáà ṣe ọkọ̀ pákó ní Igbókòdá, ti padà sí ìgbà 1844. Kò sí ẹni tí yóò bá a múra.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a to ìmúra náà lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní ni ìlera. Kí a tó ra ohunkóhun, kí a gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Kí gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ wà nínú àwọn àrùn tí ń ba àwọn aláṣẹ èbúté lẹ́rù jù lọ ní ìgbà ọkọ̀ Aliança, kò sì sí ààbò kankan fún ọmọdé nígbà náà. Ní 1937 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáde, ní Nàìjíríà lónìí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni a ń gún un fún. Kí a béèrè oògùn ibà, oògùn ìgbóná ara àti oògùn ojú ọgbẹ́, kí dókítà sì kọ ìwọ̀n tí ó bá ìwúwo ọmọ náà mu sórí ìwé, nítorí ní òru ìjì, kò sí ẹni tí yóò lè ṣírò rẹ̀. Kí a sì fi ìwé náà sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀.

Èkejì ni ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, àwọn ọ̀tá méjì tí í gba omi lára ọmọ. Kí olúkúlùkù òbí mọ omi iyọ̀ àti ṣúgà í pò: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6 tí a rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Kí a máa fún ọmọ ní díẹ̀díẹ̀, lóòrèkóòrè. Bí a bá lè ra èyí tí a ti pò tẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rá, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ àti omi rẹ̀. Nítorí náà, ìyá náà gbọ́dọ̀ mu omi ju àwọn yòókù lọ, kí bàbá má sì ṣe ka omi yẹn sí ìnákúnàá. Fún ọmọ tí ó ti ń jẹun, kí a gbé ohun tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ dání: ògì gbígbẹ, gàrí, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ tí a ti gún kúnná. Ojú omi kọ́ ni ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní oúnjẹ tuntun. Kí a má sì gbàgbé èso. Ní 1747, dókítà ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, James Lind, mú àwọn atukọ̀ 12 tí erìgì wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, tí agbára wọn sì ti tán, ó pín wọn ní méjìméjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó kọ́kọ́ dìde. Ọsàn wẹ́wẹ́ inú oko wa yìí, tí a kì í kà sí, oògùn òkun ni.

Ẹ̀kẹrin ni òòyì òkun. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kì í sábàá ní i. Láti ọdún méjì títí dé méjìlá ni ó máa ń bá wọn jà jù. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó yàn án, kí a sì dán an wò lórí ilẹ̀ ṣáájú, nítorí ó ń mú àwọn ọmọ mìíràn sùn fọnfọn. Kí a jẹ́ kí ọmọ wà ní ìta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ó máa wo ọ̀kánkán, kí ó má sì tẹjú mọ́ ìwé. Kí a rántí pé òbí náà lè ṣàìsàn. Ọkọ̀ tí àgbàlagbà kan ṣoṣo ti lè tọ́jú ọmọ, tí ó sì tún ní láti tu ọkọ̀, kò pé ènìyàn. Ó kéré tán, kí àgbàlagbà méjì wà tí olúkúlùkù wọn lè dá ṣe iṣẹ́ èkejì, kí ọ̀kan lè sùn nígbà tí èkejì ń ṣọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni ààbò lọ́wọ́ omi, níbí ni a sì bẹ̀ yín kí ẹ fetí sílẹ̀ gidigidi. Ẹ̀wù tí ń gbéni lékè omi kò jẹ́ ohun àfiṣọ̀ṣọ́. Kí ti ọmọ jẹ́ ìwọ̀n ọmọ. Bí a bá fi ti àgbà wọ̀ ọ́, yóò yọ́ kúrò nínú rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ bí ẹja. Kí ó ní okùn tí ó gba abẹ́ itan, kí ó sì ní ìrọ̀rí lẹ́yìn ọrùn tí yóò mú imú ọmọ wà lókè. Kí a dán an wò nínú odò tí kò jìn, lójú àgbà, kí a tó rìnnà. Nítorí kí ni? Ní January 1916 kọ́, ní January 2016 tí kò tíì jìnnà sí wa yìí, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Tọ́kì rí ẹ̀wù irú èyí tí ó ju 1,000 lọ ní Izmir, ayédèrú ni gbogbo wọn, àwọn asásàálà tí ń la òkun pẹ̀lú ọmọ wọn ni a sì fẹ́ tà wọ́n fún. Ohun tí ń fa omi mu ni a kì sínú wọn. Ìyá tí ó bá fi irú rẹ̀ wọ ọmọ ti fi òkúta wọ̀ ọ́ láìmọ̀.

Nínú ọkọ̀ ìgbòkun ńlá tí ó ní ibi ìdúró lókè, a máa ń ta àwọ̀n yí etí ọkọ̀ ká, a sì ń fi okùn gbígbámú so ọmọ mọ́ ibi tí ó le, kí ó lè ṣeré láìdé etí omi. Ọ̀já àwọn ìyá wa ni, ọkọ̀ ni ó kàn gba ipò ẹ̀yìn ìyá. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ kékeré tí kò ní òrùlé, irú èyí tí ń ná Igbókòdá, àṣà náà di ewu. Kí a má ṣe so ọmọ mọ́ ọkọ̀ tí ó lè dojú dé. Kí a má sì ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn nínú rẹ̀, nítorí bí ìyá bá dojú bolẹ̀ nínú omi, ọ̀já tí ó fi gba ẹ̀mí ọmọ là lórí òkè ni yóò mú un mọ́ abẹ́ omi. Kí ìyá gbé ọmọ síwájú ní àyà rẹ̀, kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tirẹ̀, ẹ̀wù ìyá lára ìyá, ẹ̀wù ọmọ lára ọmọ. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le lójú ìyá tí ọ̀já jẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dọ́wọ́ fún. Síbẹ̀ ọgbọ́n òkè kì í ṣe ọgbọ́n omi ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀kẹfà ni ọkàn ọmọ. Ọmọdé a máa bẹ̀rù ohun tí a kò sọ fún un ju ohun tí a sọ fún un lọ. Kí a ròyìn ọkọ̀ fún un ṣáájú, kí a mú un lọ wò ó ní èbúté, kí a gbé e rìn fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà fún ọjọ́ kan, kí a tó gbé e lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí a kọ́ ọ ní òfin díẹ̀ tí kò ní yí padà: bí a bá wí pé “Dúró,” kí ó dúró, bí a bá wí pé “Jókòó,” kí ó jókòó. Kí a mú aṣọ tí ó fi ń sùn àti ohun ìṣeré kan tí ó fẹ́ràn dání. Kí àkókò jíjẹ, àkókò kíkọ́ ìwé àti àkókò sísùn wà bí ti ilé. Ilé ni ọmọ ń wá kiri nínú ọkọ̀. Bí ó bá rí i, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀.

Èkeje ni yíyan àkókò. Nínú òkun tí ó wà níwájú wa, ìṣàn omi kan wà tí ń ṣàn láti ìwọ̀ oòrùn wá sí ìlà oòrùn lẹ́bàá etí ilẹ̀. Òun ni ó ran àwọn tí ń ti Freetown bọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ń dènà fún àwọn tí ń padà lọ. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun la Àtìláńtíìkì láti etí Áfíríkà lọ sí àwọn erékùṣù Karibíà lónìí kì í sábàá gbéra títí oṣù November yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, nígbà tí ìgbà ìjì ńlá ti ń kọjá lọ, wọ́n sì ń ka nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún un. Àwọn bàbá wa wí pé òkun kì í hó ruru, kí a wà á ruru. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí a dúró, bí owó ọkọ̀ tilẹ̀ ti wọlé. Àjọ NIWA tí ń ṣe àkóso ọ̀nà omi ní Nàìjíríà pẹ̀lú ń kìlọ̀ kí a má rin omi ní òru, kí olúkúlùkù èrò sì wọ ẹ̀wù tí ń gbéni lékè omi. Bí atukọ̀ bá kó èrò ju ìwọ̀n lọ, kí òbí sọ̀ kalẹ̀. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ẹkún gbogbo ọjọ́ ayé lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ni ó sì wúwo jù lọ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ń gbọ́ pé ọ̀nà kan wà lójú omi tí a lè gbà dé Yúróòpù, láti Líbíà, tàbí láti etí òkun Senegal àti Mauritania lọ sí erékùṣù Canary, àwọn mìíràn sì ń gbé ọmọ wọn dání. Ẹ jẹ́ kí a fi gbogbo ohun tí a ti kà wọn ìrìnàjò náà wò. Ta ni ó wá ọkọ̀ náà wò? Ẹni tí ó gba owó ni. Ta ni ó ka omi? Kò sí. Ta ni ó yan àkókò? Ẹni tí kò ní wọ ọkọ̀ náà ni. Ní September 2015, ayé rí òkú ọmọdékùnrin Síríà kan, Alan Kurdi, ní etí òkun ilẹ̀ Tọ́kì. Òbí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ogun ni wọ́n sì ń sá fún. A kò gbọdọ̀ dá wọn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ kò jó, kí ó má ṣe fi ọmọ rẹ̀ sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí òbí kò ní ọ̀rọ̀ sọ nípa rẹ̀, kò sí ìmúra tí ó lè tó. Ọmọ náà ti padà sínú ìrìnàjò ti 1822, níbi tí ẹlòmíràn ti ka owó rẹ̀ tí kò ka ọjọ́ ayé rẹ̀. Láti kọ̀ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ jẹ́ apá kan ìmúra, àwa sì gbà pé òun ni apá tí ó ga jù.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lójú omi, iwájú nìkan ni ọmọ ń wò, nítorí ó gbà pé àgbà ti wo ẹ̀yìn fún òun. Kí ìgbẹ́kẹ̀lé náà má ṣe já sí asán lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ayétòrò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó ra ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ń lọ sí ìlú òkèèrè, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìmúra ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò sì lọ sí ibi kankan, kí ó kọ́ bí a ti ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà, nítorí ìgbẹ́ gbuuru kò dúró de òkun kí ó tó dé ilé wa.

 Kí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí ó bá jáde kí ó fi ayọ̀ wọlé, kí iye ọmọ tí ó bá wọ ọkọ̀ sì jẹ́ iye tí yóò sọ̀ kalẹ̀.